Ọ̀bẹ Kì í Gbẹ́ Èèkù Ara Rẹ̀: Ìtàn Ọ̀bẹ Àpò àti Àwọn Tó Ń Tún Un Gbẹ́

Ohun kékeré kan tó ń gbé inú àpò ṣòkòtò là ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí: ọ̀bẹ àpò, ìyẹn ọ̀bẹ tó ṣeé ká, tí irin rẹ̀ ń wọnú èèkù lọ sùn bí ìgbín tó kó wọ ìkarahun.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀bẹ nìkan ni mo fẹ́ sọ. Àwọn tó ń tún un gbẹ́ gan-an ló wù mí. Ẹ ti rí wọn lórí YouTube. Ẹnì kan á gbé ọ̀bẹ ògbólógbòó tó ti dípẹtà sórí tábìlì, á tú u palẹ̀, á fá èèkù rẹ̀, á yí irin rẹ̀ padà, á fi igi mìíràn sí i, ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà ọ̀bẹ á máa dán gbinrin. Ó dùn ún wò, mi ò ní parọ́. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tí fídíò bẹ́ẹ̀ kì í dúró bi wá: tá a bá ń fá ohun àtijọ́, kí là ń fá dànù? Ta ló sì ń sanwó eruku tó ń bọ́ sílẹ̀?

Àwọn àgbà wa ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ló ń gbẹ́ ẹ. Ìtàn ọwọ́ yẹn la fẹ́ sọ.

Ọ̀bẹ tó ń ká kì í ṣe ọmọ àná

Nílẹ̀ wa, inú àkọ̀ ni ọ̀bẹ ń gbé. Alágbẹ̀dẹ rọ irin, ẹlòmíràn gbẹ́ èèkù, oníṣẹ́ awọ rán àkọ̀ sí i, ó parí. Ìdí nìyẹn tí òwe wa fi kún fún àkọ̀ àti èèkù: idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Kò sí ẹni tó ń pa òwe nípa ọ̀bẹ tó ń ká, torí irú ọ̀bẹ yẹn kì í ṣe ti wa láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ọgbọ́n pé kí èèkù fúnra rẹ̀ di àkọ̀ ti pẹ́ gan-an. Ní Hallstatt, lórílẹ̀-èdè Austria, wọ́n hú ọ̀bẹ kan tó ń ká, tí èèkù rẹ̀ jẹ́ egungun, tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bí 2,500 ọdún. Àwọn ará Róòmù náà ṣe tiwọn. Ọ̀kan wà ní Fitzwilliam Museum ní Cambridge tí wọ́n fi fàdákà ṣe: ọ̀bẹ wà lára rẹ̀, ṣíbí wà lára rẹ̀, fọ́ọ̀kì wà lára rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń ká. Tí ẹ bá ti rò pé àwọn ará Switzerland ló kọ́kọ́ ronú kan ọ̀bẹ oníṣẹ́ púpọ̀, ẹ ti rí i pé ẹnì kan ti ṣáájú wọn.

Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ fàdákà, ọ̀bẹ olówó ni. Kò sí ẹni tí yóò gbé irú ìyẹn sí orúnkún kó máa fi àjákù ìgò fá a. Ìtàn wa ń bẹ̀rẹ̀ gan-an nígbà tí ọ̀bẹ àpò di ohun tí àgbẹ̀ àti darandaran lè rà, torí ohun tó bá wọ́n jù, a kì í lè fọwọ́ bà á.

Ọmọkùnrin tó fẹ́ràn ẹ̀rọ ju àáké lọ

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Savoie, ní ilẹ̀ Faransé, ní ẹsẹ̀ àwọn òkè Alps. Ọdún 1890 ni. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Joseph Opinel. Ọdún 1872 ni wọ́n bí i, ọmọ ọdún 18 sì ni nígbà yẹn. Daniel, bàbá rẹ̀, ń rọ àáké àti irinṣẹ́ oko fún àwọn ará abúlé. Iṣẹ́ gidi ni, orúkọ ìdílé sì ti wà lórí rẹ̀.

Joseph ní tirẹ̀, nǹkan tuntun ló ń wá. Ó fẹ́ràn ẹ̀rọ. Ó fẹ́ràn kámẹ́rà débi pé ó ń ya fọ́tò níbi ìgbéyàwó àwọn ará àdúgbò. Ẹ mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀: bàbá ní kó wá dì í mú níbi ẹwìrì, òun ń ronú sí fọ́tò. Nínú ilé iṣẹ́ bàbá rẹ̀ yìí kan náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀bẹ àpò kékeré fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ọ̀bẹ náà rọrùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pani lẹ́rìn-ín. Ohun mẹ́rin péré ló wà lára rẹ̀: irin kan, igi kan tí wọ́n gbẹ́ róbótó tí wọ́n sì fi ayùn la ojú rẹ̀, òrùka irin kan tó dè orí igi náà kó má baà ya, àti ìṣó kan tó gba inú gbogbo wọn kọjá. Kò sí spíríǹgì. Ohun tó ń di irin mú ni bí igi ṣe fún un pinpin.

Ọjà náà tà. Nígbà tó fi di 1897, Opinel ti ní oríṣi 12, láti Nọ́ńbà 1 tó kéré débi pé wọ́n ń so ó mọ́ ṣéènì, títí dé Nọ́ńbà 12 tó tóbi. Ní 1909 ó forúkọ àmì rẹ̀ sílẹ̀: ọwọ́ kan tó ń súre, adé sì wà lórí rẹ̀. Ọwọ́ náà wá láti inú àmì ìlú Saint-Jean-de-Maurienne tó wà nítòsí wọn, adé sì dúró fún Savoie. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Láti 1565 ni Charles kẹsàn-án, ọba Faransé, ti pàṣẹ pé kí gbogbo ọ̀gá oníṣẹ́ ọ̀bẹ máa fi àmì sí iṣẹ́ wọn, kí aráyé lè mọ ẹni tó ṣe é. Ẹ fi àmì yìí sọ́kàn. A máa padà sí i.

Ní 1955, Marcel Opinel fi ohun karùn-ún kún un: òrùka kejì tó ń yí, tó ń ti irin pa kó má baà ká lu ìka. Virobloc ni wọ́n ń pè é. Láti ìgbà náà, bí ẹ bá rí Opinel tó ní òrùka tó ń yí, ẹ ti mọ̀ pé kò lè dàgbà ju 1955 lọ. Bí kò bá ní in, ẹ má tíì yọ̀ pé ẹ rí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, torí àwọn kékeré, láti Nọ́ńbà 2 dé 5, kò ní in títí di òní.

Ìdí tí gbogbo ènìyàn fi ń gbẹ́ Opinel

Nínú gbogbo ọ̀bẹ àpò ayé, mi ò rò pé ọ̀kan wà tí wọ́n ń tún gbẹ́ tó Opinel. Ìdí rẹ̀ kò le. Kò wọ́n. Èèkù rẹ̀ jẹ́ igi lódindi, kì í ṣe pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ irin, nítorí náà ó ní ẹran lára tó ṣeé gbẹ́. Bó bá bàjẹ́, ọkàn ẹni kò ní gbọgbẹ́.

Ìdí kejì ni pé ọ̀bẹ náà fúnra rẹ̀ ní àléébù tó ń pe ọwọ́ ènìyàn. Igi ń mumi. Bí òjò bá pa á, tàbí tí ẹ fi gé ọsàn tí ẹ ò nù ún, igi á wú, á di irin mú bí ẹni tó di ẹ̀yìn ọ̀tá. Irin ò ní jáde mọ́. Àwọn ará Savoie ní ọgbọ́n kan fún un: wọ́n á fi ìdí èèkù gbá ohun líle kan, irin á sì yọrí jáde díẹ̀, débi tí ìka lè mú un. Ẹni tí kò bá fẹ́ máa gbá a káàkiri á fi sáńpépà fá inú ihò èèkù náà díẹ̀, á sì fi òróró pa á kí omi má baà ráyè wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá sì ti fá inú, kò ní pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í fá ìta. Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹnì kan á gbẹ́ ìdí èèkù kó dà bí ìrù ẹja. Ẹlòmíràn á fá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹrẹsẹ kí ó má baà máa yí nínú àpò. Òmíràn á gé ṣóńṣó irin náà kó lè di ọ̀bẹ tí ọmọdé lè fi gbẹ́ igi láìgún ara rẹ̀.

Irin náà ń yí àwọ̀ pẹ̀lú. Irin tó ń dípẹtà, tí kì í ṣe alágbára-má-pẹtà, á dúdú bí ẹ bá fi gé àlùbọ́sà, ọsàn tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ wo ọ̀bẹ àtijọ́ nínú ilé ìdáná ìyá àgbà yín, ẹ ó rí i. Àwọn tó ń tún ọ̀bẹ ṣe kì í dúró de ọdún mẹ́wàá. Wọ́n á rì í sínú ọtí kíkan fún wákàtí díẹ̀. Dúdú yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Awọ tín-ín-rín kan ni tó ń bo irin, tó sì ń dín agbára ìpẹtà pupa kù.

Ohun kan wà tí iná ń bàjẹ́ tí ojú ò tètè rí. Bí ẹ bá gbé irin ọ̀bẹ sórí ẹ̀rọ tó ń yí, ó ń gbóná. Nígbà tó bá tó nǹkan bí ìwọ̀n 220 Celsius, á di àwọ̀ koríko gbígbẹ. Nígbà tó bá súnmọ́ 300, á di búlúù. Búlúù yẹn rẹwà, ṣùgbọ́n líle irin ti lọ, ojú ọ̀bẹ kò ní lè di mímú mú mọ́ títí a ó fi tún un rọ. Alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ mọ èyí láì ní tẹmómítà kankan: àwọ̀ irin ló ń kà, bí ìwọ ṣe ń ka ìmẹ́lì. Ìdí rèé tí àwọn tó nífẹ̀ẹ́ ọ̀bẹ àtijọ́ fi ń lo fáìlì, òkúta ìpọ́n àti ọwọ́, tí wọ́n sì ń rì í sómi lóòrèkóòrè. Ọwọ́ lọ́ra, ṣùgbọ́n ọwọ́ kì í gbóná tó ẹ̀rọ.

Sheffield, níbi tí eruku ti ń pa ènìyàn

Ibi tí ìtàn ti le wá dé wàyí. Ẹ jẹ́ ká kọjá sí Sheffield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú ọ̀bẹ ni láti ìgbà pípẹ́. Chaucer, akéwì tó kú ní 1400, ti dárúkọ ọ̀bẹ Sheffield nínú ìwé rẹ̀. Ní 1624 ìjọba fi òfin dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọ̀bẹ ibẹ̀ sílẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1740, Benjamin Huntsman, ẹni tó ń ṣe aago, ń wá irin tó dára fún spíríǹgì aago rẹ̀, ibẹ̀ ló ti rí ọgbọ́n yíyọ́ irin nínú ìkòkò amọ̀ tí iná kì í jó. Irin bẹ́ẹ̀ ló gbé orúkọ Sheffield káàkiri ayé. Ọ̀bẹ àpò Sheffield yàtọ̀ sí Opinel: spíríǹgì wà ní ẹ̀yìn èèkù rẹ̀, òun ló ń mú kó dún pá nígbà tẹ́ ẹ bá ṣí i.

Ìlú náà gbéra ga nípa rẹ̀. Ní 1822, ilé iṣẹ́ Joseph Rodgers ṣe ọ̀bẹ kan tó ní irin 1,822, ìyẹn ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń fi kún un bí ọdún ti ń gorí ọdún. Kò sẹ́ni tó lè fi gé iṣu, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá rí i mọ̀ pé Sheffield kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn.

Lẹ́yìn ògo yẹn, ta ló ń ṣiṣẹ́? Àwọn tí wọ́n ń pè ní "little mesters", àwọn ọ̀gá kéékèèké. Ẹnì kan pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ kan tàbí méjì, nínú yàrá tí wọ́n háyà, níwájú òkúta tó ń yí tí wọ́n háyà pẹ̀lú. Ẹnì kan ń rọ, ẹnì kan ń lọ̀ ọ́, ẹnì kan ń fi èèkù sí i.

Ẹni tó ń lọ irin lórí òkúta ló ń jìyà jù. Òkúta yanrìn ni. Bí ó ti ń yí, eruku òkúta àti eruku irin ń wọ ihò imú. Ní 1830, dókítà kan ní Sheffield, Arnold Knight, kọ̀wé nípa àrùn àyà wọn. Ohun tó hàn kedere ni pé àwọn tó ń lọ fọ́ọ̀kì lórí òkúta gbígbẹ ń kú ní kékeré ju àwọn tó ń lọ ọ̀bẹ lórí òkúta tí wọ́n ń ta omi sí lọ. Nínú àwọn ti òkúta gbígbẹ, ẹni tó rí ogójì ọdún ṣọ̀wọ́n. Ẹ tún un gbọ́. Iṣẹ́ kan náà, ìlú kan náà. Omi ni ìyàtọ̀.

Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi dùn bí mo bá rí ọ̀dọ́ tó ń fi ẹ̀rọ fá èèkù egungun nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ tì, tí kò fi nǹkan bo imú. Ohun tí àwọn ará Sheffield fi ẹ̀mí kọ́, ọ̀fẹ́ ló wà fún wa. Ẹ fi omi tutù fá a. Ẹ bo imú. Ẹ jókòó síta. Kì í sì í ṣe eruku egungun tàbí irin nìkan: eruku igi ìrókò tiwa yìí lè fa ikọ́ fée àti ara yíyún. Ẹ bi káfíńtà àdúgbò yín.

Ọ̀rọ̀ Sheffield kò tíì tán. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ibẹ̀ fi eyín erin ṣe èèkù ọ̀bẹ, púpọ̀ rẹ̀ sì ti ilẹ̀ Áfíríkà wá. Bí ẹ bá rí ọ̀bẹ àpò Sheffield àtijọ́ tí èèkù rẹ̀ funfun, tó ní ìlà tín-ín-rín tó gba inú ara wọn kọjá, ẹ̀yà ara erin kan lẹ mú dání. Láti 1989 ni àdéhùn àgbáyé ti fòfin de òwò rẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè, òfin eyín erin ti Britain ti 2018 sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022: ẹni tó bá ní in lè fi í sílé, ṣùgbọ́n títà rẹ̀ láìgba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ìjọba lè di ẹjọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tẹ́ ẹ ń ra ẹrù àtijọ́ lọ́jà ọjọ́ Sunday kẹ́ ẹ lè tún un ṣe, kẹ́ ẹ sì tún un tà, ọ̀rọ̀ yín là ń sọ o.

Okapi: ọ̀bẹ tí wọ́n ṣe nítorí wa

Ó yẹ ká dé Áfíríkà wàyí. Ní 1901 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Yúróòpù ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàpèjúwe ẹranko okapi ti igbó Congo, tí àwọn tó ń gbé igbó náà ti mọ̀ tipẹ́. Ní 1902, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀bẹ kan ní Jámánì tí wọ́n sọ ní Okapi, láti máa tà ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ ìjọba Jámánì. Lákòókò yẹn, Togo tó múlé gbe ilẹ̀ wa wà lára wọn.

Ọ̀bẹ náà kò wọ́n: èèkù igi tó tẹ̀ díẹ̀, irin gígùn tó ṣóńṣó, òrùka kékeré kan tí wọ́n ń fà kí irin tó lè ká. Bí wọ́n bá ń ṣí i, ó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́. Àwọn kan ní àmì òṣùpá àti ìràwọ̀ lára èèkù. Jámánì pàdánù ilẹ̀ wọ̀nyẹn nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ náà kò bá wọn lọ. Ó dúró. Láti ìparí àwọn ọdún 1980, ní South Africa ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ẹ wo bí ohun kan ṣe ń gba orúkọ méjì. Fún àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́, ọ̀bẹ ìṣẹ́jẹ ni. Ní àwọn ìlú South Africa, ó tún di ọ̀bẹ àwọn jàǹdùkú, ní Jamaica sì, wọ́n ń pe irú rẹ̀ ní "ratchet", ọ̀bẹ àwọn ọmọ ìta àwọn ọdún 1960. Ọ̀bẹ kan náà o. Nígbà tí àwọn tó ń tún ọ̀bẹ ṣe bá gbé Okapi sórí tábìlì lónìí, tí wọ́n yọ òrùka yẹn, tí wọ́n fá èèkù rẹ̀ kó dán, wọ́n ń fá orúkọ búburú yẹn kúrò pẹ̀lú. Mi ò ní kí wọ́n má ṣe é. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń fá.

Nígbà tí wọ́n gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé

Ní ìlú Miki, lórílẹ̀-èdè Japan, láti nǹkan bí àwọn ọdún 1890 ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀bẹ àpò kan tó ń jẹ́ Higonokami. Irin tí wọ́n tẹ̀ ni èèkù rẹ̀, kò ní spíríǹgì, ìrù kékeré kan yọ lẹ́yìn irin tí àtàǹpàkò ń tẹ̀. Láyé ijọ́un, gbogbo ọmọ ilé ìwé ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ní in. Òun ni wọ́n fi ń gbẹ́ pẹ́ńsù, bí àwa níbí ṣe ń fi bíléèdì gbẹ́ tiwa. Òun ni wọ́n tún fi ń gbẹ́ ohun ìṣeré láti ara ọparun.

Ní ọjọ́ 12 oṣù October, 1960, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 17 kan fi idà kúkúrú pa Inejiro Asanuma, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Sósíálíìsì, lórí pèpéle ní Tokyo, níṣojú kámẹ́rà. Idà ni, kì í ṣe Higonokami. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba àwọn òbí àti olùkọ́, ìpè sì jáde káàkiri pé kí wọ́n gba ohun mímú lọ́wọ́ ọmọdé. Pẹ́ńsù rí ẹ̀rọ tí yóò máa gbẹ́ ẹ. Àwọn oníṣẹ́ Higonokami ń dín kù, títí ó fi ku ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ní ẹ̀tọ́ sí orúkọ náà.

Mi ò ní bú àwọn òbí yẹn. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí okùn, á sá. Ṣùgbọ́n ohun méjì ló kúrò lọ́wọ́ ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà: ewu, àti ọgbọ́n ọwọ́. Ẹni tí kò gbẹ́ pẹ́ńsù rí ní kékeré, níbo ni yóò ti mọ bí a ṣe ń tẹ ọ̀bẹ sí igi láì gé ara ẹni?

Òfin náà kò dúró sójú kan. Ní England àti Wales, òfin 1988 sọ pé ọ̀bẹ tó ń ká, tí ojú rẹ̀ kò ju íǹṣì mẹ́ta lọ, ṣeé mú rìn níta láìní ìdí pàtàkì. Ṣùgbọ́n ní 1993 ilé ẹjọ́ là á yé gbogbo ayé pé ọ̀bẹ tó bá ní ohun tó ń tì í pa kì í ṣe ọ̀bẹ tó ń ká lójú òfin yẹn. Nítorí náà, òrùka tí Marcel Opinel fi sí ọ̀bẹ ní 1955 kó má baà gé ìka ènìyàn, òun gan-an ló ń sọ ọ́ di ohun tí ọlọ́pàá lè mú ọ sí lójú pópó Peckham, bí o kò bá ní ìdí tó dára fún mímú un dání. Ọ̀bẹ tó ń fò jáde fúnra rẹ̀ nípa spíríǹgì, láti 1959 ni wọ́n ti fòfin de ṣíṣe àti títà rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ohun kékeré tẹ́ ẹ fi kún ọ̀bẹ tàbí tẹ́ ẹ yọ kúrò lè gbé e láti inú òfin síta? Kí ẹ tó gbẹ́ ẹ, ẹ mọ òfin ibi tẹ́ ẹ wà. Ẹ má sì gbé e sínú báàgì ọwọ́ lọ sí pápákọ̀ òfurufú láéláé.

Kí la ó fá, kí la ó fi sílẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìbéèrè tá a fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan wà tó gbà pé ohun àtijọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí o bá fi sáńpépà kan ọ̀bẹ tó ti pé 100 ọdún, wọ́n á wò ọ́ bí ẹni tó kun ojú egúngún ní ọ̀dà. Àwọn mìíràn ní: ohun tí mo fowó mi rà, tèmi ni, bó bá wù mí kí n sọ ọ́ di ṣíbí.

Èmi kò sí ní ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ìdí mi ni pé ọ̀bẹ àpò àtijọ́ tí ọwọ́ kò tíì tún gbẹ́ rí kò wọ́pọ̀. Ẹ wo irin ọ̀bẹ tí wọ́n ti lò fún ogójì ọdún: ó ti tín-ín-rín, ó ti rí ẹ̀yà mìíràn, òkúta ìpọ́n ti jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kan lẹ́yìn òmíràn. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ lè mọ̀ bóyá ọlọ́wọ́ òsì ló ni ín, ẹ lè mọ ibi tí àtàǹpàkò rẹ̀ ń gbé. Ẹni yẹn ti tún un gbẹ́ kí ẹ tó dé. Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ débẹ̀.

Nílẹ̀ wa náà, kì í ṣe nǹkan tuntun. Alágbẹ̀dẹ wa ń sọ spíríǹgì mọ́tò ńlá di àdá. Àdá tó bá jẹ títí tó kúrú, á di ọ̀bẹ ìdáná. Èèkù tó bá já, wọ́n á gbẹ́ òmíràn sí i. Kò sí ẹni tó pe ìyẹn ní ìbàjẹ́, kò sì sí ẹni tó ń yà á sórí Instagram. Ọ̀nà tí ohun fi ń pẹ́ láyé nìyẹn.

Nítorí náà, ìlànà mi rọrùn. Bí ó bá jẹ́ ọ̀bẹ tí ilé iṣẹ́ ń ṣe lọ́pọ̀ yanturu, bí Opinel tàbí Okapi, ẹ gbẹ́ ẹ bó ṣe wù yín. Orí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan, bí ọ̀bẹ àwọn ọ̀gá kéékèèké Sheffield, ẹ dúró ná. Ní 2021 ni Stan Shaw kú, ọ̀kan nínú àwọn tó gbẹ̀yìn nínú wọn, ẹni tó ti ń ṣe ọ̀bẹ àpò láti ìgbà tó wà ní ọ̀dọ́langba títí tó fi di arúgbó kùjọ́kùjọ́. Ohun tí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe, fáìlì kan lè pa á rẹ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sì sí ẹni tí yóò tún un ṣe. Irú èyí, òróró àti aṣọ rírọ̀ ti tó o.

Lórí gbogbo wọn, ẹ má fá àmì. Ní ìdí irin, níbi tó ti wọnú èèkù, ibẹ̀ ni orúkọ ẹni tó ṣe é tàbí ìlú rẹ̀ sábà máa ń wà. Ẹ rántí àṣẹ ọba Faransé ti 1565: àmì náà wà kí a lè mọ ẹni tó ṣe é. Fá èèkù, yí irin padà, kùn ún ní dúdú, a ó ṣì mọ ibi tó ti wá. Àmọ́ bí àmì bá ti lọ, ọ̀bẹ náà di ọmọ tí kò mọ ilé bàbá rẹ̀. Bí ẹ bá ń fá ìpẹtà, ẹ fi téèpù bo ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá sì yí ohun púpọ̀ padà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín ti tó fún ìyẹn. Ọmọ yín tó bá jogún rẹ̀ á mọ ohun tí ẹ ṣe àti ohun tí ẹ bá níbẹ̀.

Ọ̀dọ́ púpọ̀ lónìí ló jẹ́ pé gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ni a kò lè ṣí. Fóònù tí bátìrì rẹ̀ lẹ̀ pa. Íápọ́ọ̀dù tó bá bàjẹ́, ẹ sọ ọ́ nù ni. Ọ̀bẹ àpò wà lára ohun díẹ̀ tó ṣẹ́kù tí ènìyàn lè tú palẹ̀, kó lóye gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, kó sì tún un tò. Ohun márùn-ún péré. Bí ẹ bá ti mọ ohun márùn-ún dáadáa, ìbẹ̀rù ohun mẹ́wàá á dín kù.

Ibi tá a ó ti dánu dúró nìyí. Bí ọ̀bẹ àtijọ́ kan bá wà nílé yín, ti bàbá àgbà tàbí èyí tẹ́ ẹ rí nínú àpótí irinṣẹ́, ẹ ya fọ́tò ìdí irin rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, kẹ́ ẹ sọ fún wa ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ àti ohun tó fi ń ṣe. A ó ka díẹ̀ nínú wọn lórí ètò tó ń bọ̀. Ẹ sì fi èyí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín tó ń fá irin láì bo imú. Ó dìgbà kan ná o.